Ọ́ìlì Dúdú Kì í Ṣe Ẹ̀rí Olè: Bí A Ṣe Ń Wo Ọ́ìlì Ẹ́ńjìnnì Lẹ́yìn Sáfíìsì

Nínú àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí mo ń bẹ ìwé wọn wò, ó ṣọ̀wọ́n kí n ṣí ìwé owó kí n má bá ọ̀rọ̀ ọkọ̀ pàdé níbẹ̀. Ẹgbẹ́ kan ra bọ́ọ̀sì, òmíràn yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó láti fi ra takisí, ẹ̀kẹta ní ọkọ̀ akẹ́rù tí ń kó kòkó àti gàrí jáde láti oko. Láti ọdún 2023 tí náírà ti já wálẹ̀, owó ọ́ìlì àti fítà kì í ṣe ohun tí ìgbìmọ̀ ń fojú fò mọ́. Ohun kékeré kan tí ó ń dá ìjà ńlá sílẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wa dá lé lórí lọ́tẹ̀ yìí: àwọ̀ ọ́ìlì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe sáfíìsì ọkọ̀ tán.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kan fi pẹtísọ̀n ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì wa. N kò ní dárúkọ ìlú náà, nítorí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ṣì ń gbé pọ̀. Ẹgbẹ́ yìí ní bọ́ọ̀sì kan tí ń lo dísù. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, dírẹ́bà gba owó ọ́ìlì tuntun, ó gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ó sì mú rísíìtì bọ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Akápò ẹgbẹ́, àgbàlagbà tí kì í fi owó ẹgbẹ́ ṣeré, ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fa gééjì yọ, ó fi àkísà funfun nù ún. Ohun tí ó rí lára àkísà dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó ké sí Alága, Alága ké sí Akọ̀wé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti dá owó oṣù dírẹ́bà dúró, wọ́n ní kí ó dá owó ọ́ìlì padà, kí ó sì fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sílẹ̀.

Ọmọkùnrin náà, tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ojú mi ni wọ́n ṣe da ọ́ìlì tuntun sí i.” Akápò dá a lóhùn pé, “Ojú tèmi ló wá fọ́ nìyẹn?” Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ wọn tí ó dé ọ̀dọ̀ wa.

Kí n má purọ́ fún yín, èmi náà kọ́kọ́ gbè sẹ́yìn Akápò. Ìwé owó ni mo kọ́ ní Pólì, kì í ṣe mọ́tò. Ọkọ̀ tèmi ń lo pẹtiróòlù, bí mo bá sì ṣe sáfíìsì rẹ̀, ọ́ìlì rẹ̀ a máa dà bí oyin fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Mo ti kọ ìjábọ̀ mi dé ìdajì, mo ti kọ ọ́ pé ó jọ pé wọ́n fi owó ẹgbẹ́ ṣe màgòmágó, kí n tó bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ ní ilé tí mo wọ̀ sí. Iṣẹ́ títún jẹnẹrétọ̀ ńlá ṣe ni ó ti fẹ̀yìn tì. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọ̀gá ìńsípẹ́kítọ̀, bí ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì dísù bá ṣì mọ́ gaara ní ọjọ́ kẹta, ìgbà yẹn ni kí ẹ wá pè mí.”

Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n sùn. Ní ọjọ́ kejì, mo ní kí ìgbìmọ̀ ra ọ́ìlì tuntun tí ìdérí rẹ̀ kò tíì já, àti fítà tuntun, kí a ṣe é ní gbangba. A gbé ọkọ̀ síbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. Wọ́n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná díẹ̀, wọ́n tú nọ́ọ̀tì ìdí sọ́ǹpù, wọ́n jẹ́ kí ọ́ìlì àtijọ́ ro títí ó fi ń kán tó, tó. Wọ́n pààrọ̀ fítà. Wọ́n da tuntun sí i, Akápò fúnra rẹ̀ ni ó já ìdérí kẹ́ẹ̀gì. Wọ́n tan ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n pa á, a dúró díẹ̀, a sì fa gééjì. Ọ́ìlì tí ó mọ́ bí oyin nínú kẹ́ẹ̀gì ti pọ́n bí tíì. Dírẹ́bà wa ọkọ̀ náà lọ sí ìlú kejì, ó sì wà á padà, èmi àti Akọ̀wé jókòó tì í. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Akápò fi àkísà funfun kan náà nù ún. Dúdú ni. Ó wò ó títí. “Háà,” ni gbogbo ohun tí ó sọ.

Kí ló fà á? Iná ni ó ń jó nínú ẹ́ńjìnnì, ibi tí iná bá sì ti ń jó, kò lè ṣe kó má sí dúdú èéfín. Ẹ wo ìdí ìkòkò tí a fi ń dáná igi, ẹ wo àjà ilé ìdáná. Díẹ̀ nínú dúdú yìí ń gba ẹ̀gbẹ́ ríìǹgì písítìnì kọjá, ó ń bọ́ sínú ọ́ìlì. Bí epo dísù ṣe ń jó nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń mú dúdú èéfín wá ju ti pẹtiróòlù lọ fíìfíì. Ìdí nìyí tí ọ́ìlì inú ọkọ̀ dísù fi lè dúdú láàárín wákàtí díẹ̀ tí ó ti ń ṣiṣẹ́, nígbà tí ti ọkọ̀ pẹtiróòlù lè pẹ́ kó tó ṣókùnkùn. Àwọn ọkọ̀ pẹtiróòlù ìgbàlódé kan tún wà tí a ń fọ́n epo tààrà sínú yàrá ibi tí iná ti ń jó. Ti àwọn wọ̀nyẹn pẹ̀lú máa ń tètè dúdú ju ti àtijọ́ lọ.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé yíyọ̀ nìkan ni iṣẹ́ ọ́ìlì, kí irin má baà gé irin. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò mọ síbẹ̀. Ọ́ìlì a máa gbé ooru kúrò, a máa dí àlàfo tíńtín láàárín ríìǹgì àti ògiri ibi tí písítìnì ti ń lọ sókè sódò, kì í sì í jẹ́ kí irin dípẹtà. Ó tún ń fọ ẹ́ńjìnnì. Àwọn tí ń ṣe ọ́ìlì ń fi èròjà kan sí i tí ń ṣiṣẹ́ bí ọṣẹ. Èròjà yìí ń tú ìdọ̀tí kúrò lára irin, òmíràn sì ń mú ìdọ̀tí náà dání kí ó má baà rọ̀ sílẹ̀ sí ìdí sọ́ǹpù tàbí kó dí ihò tí ọ́ìlì ń gbà. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ mọ èyí ju èmi lọ: bí a bá fi ọṣẹ fọ aṣọ oko tí omi rẹ̀ kò dúdú, ibo ni ìdọ̀tí náà wà? Ó ṣì wà lára aṣọ. Ọ́ìlì tí ó dúdú ti ń ṣe iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ rà á.

Ohun mìíràn wà tí ń mú ọ́ìlì tuntun tètè ṣókùnkùn, pàápàá nínú ọkọ̀ pẹtiróòlù. Bí mẹkáníìkì bá tú nọ́ọ̀tì sọ́ǹpù, kì í ṣe gbogbo ọ́ìlì àtijọ́ ni ó ń jáde. Díẹ̀ ń kù sí àwọn ihò àti kọ̀rọ̀. Bí kò bá pààrọ̀ fítà, ife ọ́ìlì dúdú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti wà nínú fítà náà tí ń dúró de tuntun. Bí ó bá sì tú u nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ọ́ìlì náà á ki, èyí tí yóò kù sílẹ̀ á pọ̀ sí i. Ọkọ̀ tí wọ́n ti fi ọdún méjì jẹ́ kí ìdọ̀tí di kókó sínú rẹ̀ yóò sọ ọ́ìlì tuntun di dúdú kíákíá, nítorí ọṣẹ rí iṣẹ́ ṣe. Nítorí náà, bí ọ́ìlì ọkọ̀ pẹtiróòlù yín bá dúdú ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe sáfíìsì rẹ̀ gan-an, ẹ kọ́kọ́ béèrè nípa fítà, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n ti ṣe é kẹ́yìn, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni ní olè. Ó lè jẹ́ pé wọn kò pààrọ̀ rẹ̀ lóòótọ́. Irú èyí kì í ṣe àlá. Ṣùgbọ́n àwọ̀ nìkan kò tó láti fi dájọ́.

Ẹ jẹ́ kí n yí i padà. Ọ́ìlì tí ó mọ́ gaara pẹ̀lú kì í ṣe ẹ̀rí pé ó dára. Àwọn ọ̀bàyéjẹ́ wà tí ń kó ọ́ìlì tí a ti lò kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, èyí tí à ń pè ní kọ́ńdẹ̀m, tí wọ́n ń sẹ́ ẹ, tí wọ́n ń sọ ọ́ di pupa fẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n sì ń rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tí orúkọ ńlá wà lára rẹ̀. Ojú kò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ọ́ìlì tí èròjà ọṣẹ kò sí nínú rẹ̀ pàápàá lè pẹ́ kó tó dúdú, nítorí pé ó fi ìdọ̀tí sílẹ̀ lára irin. Ẹni tó ni ọkọ̀ á máa dunnú pé ọ́ìlì òun mọ́, ẹ́ńjìnnì á sì máa kú lọ díẹ̀díẹ̀.

Kí wá ni ó yẹ kí ojú wa máa wá lórí gééjì? Èyí tí ó burú jù ni ọ́ìlì tí ó dà bí tíì tí a da mílíìkì sí, tàbí bí ògì tí a pò mọ́ epo. Omi ti wọnú rẹ̀. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì lè ti jó, tàbí kí orí ẹ́ńjìnnì ti sán, kí omi rédíétọ̀ máa gba ibẹ̀ wọlé. Irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ kò lè gbé irin kúrò lórí irin mọ́. Mo jẹ ìyà èyí rí. Ọkọ̀ mi ń mu omi, gééjì ń fi ọ́ìlì funfun hàn mí, mẹkáníìkì kan sì ní kí n kàn pààrọ̀ ọ́ìlì, pé yóò lọ. Mo pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan. Ní ẹ̀kẹta, ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì lójú ọ̀nà, owó tí mo fi ra òmíràn sì ju ti gásíkẹ́ẹ̀tì lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Ẹ ṣọ́ra ṣá o: bí ó bá jẹ́ abẹ́ ìdérí ibi tí a ń rọ ọ́ìlì sí nìkan ni ìfófòó funfun díẹ̀ wà, tí ti orí gééjì mọ́, tí omi rédíétọ̀ kò sì dín, ó lè jẹ́ pé ọkọ̀ náà kì í rin ọ̀nà jíjìn ni, kí ooru lè gbẹ ìrì inú rẹ̀. Èyí kì í ṣe ohun ìbẹ̀rù. Ọkọ̀ tí omi àgbàrá bá bò mọ́lẹ̀ ní ìgbà òjò ńkọ́? Ẹ má tan án rárá kí wọ́n tó yẹ ọ́ìlì rẹ̀ wò.

Ẹ gbóòórùn gééjì náà. Bí ó bá ń rùn bí pẹtiróòlù tàbí dísù, tí ọ́ìlì ṣàn bí omi, tí ó sì ń lékún dípò kí ó máa dín, epo ń jò sínú sọ́ǹpù nìyẹn. Mo ti gbọ́ tí dírẹ́bà kan ń yangàn pé ọkọ̀ òun kì í jẹ ọ́ìlì, ó ń pọ̀ sí i ni! Ọ́ìlì tí epo ti là kò ní agbára mọ́. Ìdí yìí kan náà ni n kò ṣe fẹ́ràn bí àwọn mẹkáníìkì kan ṣe ń da dísù tàbí kẹrosíìnì sínú ẹ́ńjìnnì láti fi ṣan inú rẹ̀. Èyí tí ó bá kù sínú rẹ̀ yóò la tuntun.

Ẹ fi ọ́ìlì ra láàárín ìka méjì. Bí ó bá ń ha bí iyanrìn, tàbí tí ẹ rí ohun tí ń dán yinrin nínú rẹ̀ lójú oòrùn, irin ti ń jẹ irin nìyẹn, ẹ gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n kí kíránkì tó bàjẹ́. Bí ó bá ki bí ọ̀dà, ó ti kọjá àkókò. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dáadáa, nítorí ọ́ìlì tí a ti lò kò dára fún awọ ara, ó sì léwu fún ẹni tí ó bá ń fi ọwọ́ kàn án lójoojúmọ́. Mo mọ̀ pé àwọn káfíńtà wa ń fi kun igi àjà nítorí ikán. Kí wọ́n má fi ọwọ́ lásán kùn ún. Dídà á sí gọ́tà tàbí sí etí kànga burú ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Bí a ṣe ń wo gééjì kò le, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ ọ́n ṣe. Kí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹ pa á, kí ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ọ́ìlì lè sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fa gééjì yọ, ẹ nù ún mọ́, ẹ tì í wọlé dé ìdí, kí ẹ tó fà á jáde lẹ́ẹ̀kejì. Ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí ni kí ẹ gbà gbọ́. Àmì méjì ni ó wà lára rẹ̀, kí ọ́ìlì wà láàárín wọn, kó sún mọ́ ti òkè. Àṣejù kò dára níbẹ̀ pẹ̀lú: bí ọ́ìlì bá pọ̀ ju àmì òkè lọ, kíránkì á máa lù ú bí ẹni ń lu ẹyin, yóò hó, afẹ́fẹ́ ni ẹ́ńjìnnì yóò sì máa fà dípò ọ́ìlì. Bí iná ọ́ìlì pupa bá tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sọ pé ilé kò jìnnà mọ́.

Lórí rírà: ìwé tí ó bá ọkọ̀ wá ni kí ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe ẹnu oníṣọ́ọ̀bù. Nọ́ńbà bíi 20W-50 tàbí 5W-30 tí ẹ ń rí lára kẹ́ẹ̀gì ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó. Èyí tí ó wà níwájú W jẹ́ ti ìgbà òtútù, èyí tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ ti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi tó ni ọ́ìlì ṣe ki tó. Lẹ́tà API jẹ́ ti ìpele iṣẹ́ rẹ̀. S ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ti pẹtiróòlù, C ni ti dísù. SN jáde ní 2010, SP ní 2020; ti dísù, CI-4 jáde ní 2002, CK-4 ní 2016. Mo rí ẹgbẹ́ kan tí ó ń ra ọ́ìlì oní-S nìkan fún ọkọ̀ dísù nítorí pé ó dín owó díẹ̀. Ìdínwó yẹn kì í pẹ́ kó tó gba owó rẹ̀ padà.

Ní ti ìgbà tí a ó pààrọ̀ rẹ̀, kìlómítà 5,000 ni ọ̀pọ̀ ń lò níbí, ó sì bójú mu bí ìwé ọkọ̀ kò bá sọ òmíràn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ń dúró nínú gósílóò Èkó fún wákàtí mẹ́ta kò rin kìlómítà kankan, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀rọ tí ń ka kìlómítà bá ti kú, bí ti ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì wa, ẹ fi ọjọ́ ká a.

Mo padà sí bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ yẹn, nítorí ọ̀rọ̀ kò parí síbi tí Akápò ti ní “Háà.” Ní ọjọ́ tí a tú fítà rẹ̀, eruku àti ọ́ìlì gbígbẹ ti bò ó tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi lè ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Fítà náà ti pẹ́ níbẹ̀. Mo ṣí ìwé owó: ẹgbẹ́ ti san owó fítà lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún náà. Dírẹ́bà ní òun kò gba fítà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí, owó ọ́ìlì àti owó iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń fi lé òun lọ́wọ́. Rísíìtì fítà sì jẹ́ ti ọ̀tọ̀, kò sí orúkọ ẹni tí ó rà á. Mẹkáníìkì ní ohun tí wọ́n bá gbé wá ni òun ń fi sí i. Ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́ta ni ó máa ń lọ sí ọjà, kò sí ìwé tí ó sọ ẹni tí ó lọ ní ọjọ́ wo. Ta ni ó jẹ owó fítà? Títí di òní n kò mọ̀. Ohun tí mo kọ sínú ìjábọ̀ ni pé kí gbogbo ìgbìmọ̀ pawọ́ pọ̀ dá owó náà padà, wọ́n sì dá a. Gbogbo ojú ti wà lára àwọ̀ ọ́ìlì, owó sì ń gba ẹ̀yìn jáde.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ pé kí ẹni méjì máa wà níbi sáfíìsì, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀. Kí wọ́n já ìdérí kẹ́ẹ̀gì lójú wọn. Kí wọ́n gba fítà àtijọ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì kí wọ́n sì gbé e bọ̀ wálé. Fítà àtijọ́ ni rísíìtì tí kò ṣeé purọ́ kọ. Kí wọ́n fi ìṣó lu ìdí kẹ́ẹ̀gì òfìfo kí ẹnikẹ́ni má baà rọ ayédèrú sínú rẹ̀. Kí wọ́n kọ ọjọ́, kìlómítà, iye lítà, irú ọ́ìlì àti nọ́ńbà fítà sínú ìwé kan tí yóò máa gbé inú ọkọ̀, kí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i.

Dírẹ́bà gba owó oṣù rẹ̀ méjèèjì tí wọ́n dá dúró, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Akápò ló lọ bẹ̀ ẹ́ nílé fúnra rẹ̀, àgbàlagbà tòótọ́ ni. Nígbà tí mo tún padà lọ bẹ ìwé wọn wò, ó fi ìwé ọkọ̀ hàn mí. Ní ọjọ́ Ajé kọ̀ọ̀kan, ó ń kán ọ́ìlì ẹ̀kán kan láti orí gééjì sí orí bébà funfun, ó ń jẹ́ kí ó gbẹ, ó sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé. Ọkùnrin jẹnẹrétọ̀ náà ni ó kọ́ ọ. Bí ẹ̀kán náà bá fẹ̀ kárí, tí dúdú rẹ̀ ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ sí etí, ọ́ìlì ṣì ń mú ìdọ̀tí dání. Bí dúdú bá dì sójú kan láàárín bí ọ̀dà, tí etí rẹ̀ gé géérégé, agbára rẹ̀ ti tán, ó tó pààrọ̀. Ó ṣí i fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, ojú ewé mọ́kànlá, gbogbo rẹ̀ dúdú.